Kóòdù, iná àti géèmù ní Ìjẹ̀bú-Òde: bátìrì mélòó ló máa gbé gbogbo rẹ̀?

Ewùrà_404

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi wo ìṣirò yìí kí owó tó jáde lápò.

Inú Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé wà, Báńdì D, iná wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Kóòdù bákẹ́ńdì ni iṣẹ́, fún ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ New York ni wọ́n máa ń ṣèpàdé. Ẹrù tó wà nílẹ̀: láptọ́ọ̀pù (65 W ni wọ́n kọ sára ṣájà rẹ̀), mọ́nítọ̀ 24 ínǹṣì, rọ́tà 4G, fáànù onídùúró, gílóòbù LED kan. Wákàtí mẹ́jọ ni iṣẹ́ lójúmọ́. Lálẹ́, PS5 àti tẹlifíṣọ̀n 43 ínǹṣì fún wákàtí méjì.

Oníná kan ní kí n ra ìnfátà 3.5 kVA (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé) àti bátìrì tubular, bátìrì olómi ńlá, mẹ́rin. Òmíràn ní bátìrì kan ti tó. Ta ni ká gbà gbọ́? Nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó òṣèlú bọ̀ ọ́, a ò ní parí ẹ̀ lónìí.

Ìyá_Bátìrì

Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Kò sí èyí tó ṣírò nínú àwọn méjèèjì.

Iye tí ẹrù ń jẹ ni kí o kọ sílẹ̀, má wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ṣájà. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá ti kún, tó jẹ́ kóòdù lásán lò ń kọ, 25 sí 40 W ló ń jẹ. Ìgbà tí Docker (àpótí tí ẹ fi ń gbé kóòdù ṣiṣẹ́) bá ń ṣiṣẹ́ agbára tàbí tí bátìrì inú rẹ̀ bá ń gbaná ló ń sún mọ́ 65. Mú 40. Mọ́nítọ̀ 25, rọ́tà 12, fáànù 55, gílóòbù 9. Àpapọ̀ jẹ́ 141 W. Wákàtí 8 sọ ọ́ di 1,128 Wh, ìyẹn wáàtì lọ́nà wákàtí. Ìnfátà náà ń gba owó ibodè tirẹ̀, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, torí náà pè é ní 1,300 Wh.

Bátìrì tubular 220 Ah oní 12 V jẹ́ 2,640 Wh lórí ìwé (220 lọ́nà 12). Ṣùgbọ́n bátìrì olómi kì í fẹ́ kí wọ́n fà á kọjá ìdajì. Bí o bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, tí iná kò sì dé kó kún padà kíákíá, sulphate á le mọ́ àwo òjé inú rẹ̀, agbára rẹ̀ á sì máa dín kù. Ìdajì 2,640 jẹ́ 1,320. Bátìrì kan á gbé iṣẹ́ rẹ dé bèbè, kò ní ṣẹ́ kù fún nǹkan kan.

Wá wo géèmù. PS5 ń jẹ nǹkan bí 200 W bí géèmù ńlá bá ń lọ lórí rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n 80. Wákàtí méjì jẹ́ 560 Wh. Pẹ̀lú ti ìnfátà, 640. Ìdajì iṣẹ́ odidi ọjọ́ ni wákàtí méjì bọ́ọ̀lù ń gbé lọ. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ 1,940 Wh.

Ohun tó bá a mu ni tubular méjì tí a so di 24 V, tàbí lithium LiFePO4 kan oní 25.6 V, 100 Ah. Ìyẹn jẹ́ 2,560 Wh. Bí o bá lo ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, 2,048 wà lọ́wọ́ rẹ. Lithium ni èmi á sọ. Ó ń yára gbaná, kì í bínú bí ó bá sùn láìkún, ó sì ń kún tó sì ń tán ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà sókè kó tó rẹ̀ ẹ́. Iye tó wọ́n jù ti tubular lọ yóò padà wọlé.

3.5 kVA yẹn sì tóbi jù. Ìnfátà ńlá lè jẹ 50 W láìgbé ẹrù kankan. Ní wákàtí mẹ́rìnlélógún, 1,200 Wh ti lọ sínú afẹ́fẹ́. Gbogbo ẹrù rẹ pọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jùmọ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ju 421 W lọ. 1.5 kVA oní 24 V ti tó. Bí fíríìjì bá ń bọ̀ lọ́nà, sọ fún wa báyìí.

Rẹ́mọ_Root

Mo fi ọwọ́ sí ìṣirò Ìyá wa. Kí n fi kún un: rí i pé ìnfátà náà jẹ́ èyí tí ìgbì iná rẹ̀ dán, tí wọ́n ń pè ní pure sine. Èyí tó gbọ́n-gbọ̀n-gbọ́n máa ń mú kí fáànù kùn, ó sì máa ń gbóná mọ́ pawa PS5 lára.

Lẹ́yìn náà, wọ inú sẹ́tìn ìnfátà, kí o wo ibi tí wọ́n kọ UPS àti APL sí, ọ̀nà méjì tó fi ń yí iná padà. Bí ó bá wà ní APL, nǹkan bí 20 ms (ìdá ogún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan) ló máa gbà á láti fò láti iná ìjọba sórí bátìrì. Ní UPS, nǹkan bí 10 ms. Láptọ́ọ̀pù kò bìkítà torí bátìrì wà nínú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n pawa kọ̀ǹpútà onítábìlì kì í sábà lè di iná mú ju 16 ms tàbí 17 lọ. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ó ti kú, fáìlì tí o kò tíì tọ́jú ti lọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ní ìnfátà, tí kọ̀ǹpútà wọn sì ń kú bí NEPA bá mú iná.

Rọ́tà náà nìyẹn. Bó bá kú, ìṣẹ́jú méjì ló máa gbà kó tó padà dìde, ìpàdé ti já. Ra UPS kékeré oní-DC (bátìrì kékeré tó ń gbé rọ́tà nìkan), èyí tí kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí o kì í bọ àárín ṣájà àti rọ́tà. Ka fóltéèjì tó wà lẹ́yìn rọ́tà kí o tó rà á: àwọn kan 12 V, àwọn kan 9 V, àwọn kan 5 V. Wo ihò rẹ̀ pẹ̀lú, kí àárín jẹ́ pọ́sítíìfù bí ti ṣájà rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ki 12 sínú rọ́tà 9, òun àti rọ́tà ni.

Báńdì_D

Ẹ ní ká má kó òṣèlú wọlé, ṣùgbọ́n Báńdì tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an, òṣèlú ni. Báńdì A, ó kéré tán iná wákàtí 20 lójúmọ́, B, 16, C, 12, D, 8, E, 4. Ní oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó Báńdì A lọ sí 225 náírà fún yúnìtì kan (1,000 Wh). Bí bátìrì ilé yìí bá ń gba yúnìtì méjì lójúmọ́, ẹni tó wà ní Báńdì A á san nǹkan bí 450 náírà ní iye ìgbà náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó bá ń mu ìdajì lítà ní wákàtí kan, lítà mẹ́rin ló máa mu fún wákàtí mẹ́jọ. Kí kálukú fi iye tí wọ́n ń ta epo ládùúgbò rẹ̀ lónìí sọ ọ́ di púpọ̀, kó rántí pé May 29, 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ.

Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tirẹ̀, láti orí kíkọ́ ilé iṣẹ́ iná dé orí iye tí wọ́n ń gbà. Torí náà ẹni tí ẹ dìbò fún lọ sí ilé aṣòfin ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ iná ti kan òun náà. Kó má fi Àbújá purọ́ fún yín mọ́.

Ewùrà_404

Ìyá wa, ẹ ṣé gan-an. Fíríìjì kò sí nínú rẹ̀. Báńdì_D, mo gbà, òṣèlú ti jókòó sáàárín wa. Wákàtí mẹ́jọ iná Báńdì D yẹn sì lè jẹ́ láti agogo méjìlá òru, ṣé bátìrì á kún?

Ìyá_Bátìrì

Á kún. Bí ìnfátà bá ń fi 25 A gún un, nǹkan bí 650 W nìyẹn. 2,000 Wh á wọlé láàárín wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Àmọ́ bí iná bá ń wá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń lọ ogún, sólà ló kù. Páńẹ́lì 550 W méjì, tí a bá ka oòrùn tó péye sí wákàtí 3.5, tí a sì yọ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún fún eruku, ooru àti wáyà, á mú nǹkan bí 2,880 Wh wá lójúmọ́. Oṣù keje sí ìkẹsàn-án ni kí o fi ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá fi oòrùn oṣù kejì ṣírò, òjò ló máa ṣàlàyé fún un.

Kọjú páńẹ́lì sí gúúsù, kó dà sílẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Yẹra fún òjìji ọ̀pẹ. Bí páńẹ́lì méjì bá so kọ́ra ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, òjìji tó bo ọ̀kan á fa ìkejì sílẹ̀.

Ṣàgámù_Ping

Ó kan nẹ́ẹ̀tì. Má ra síìmù méjì láti ilé iṣẹ́ méjì kí o wá rò pé o ti bọ́. Òpó kan náà ni ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta máa ń gbé ẹ̀rọ wọn kọ́. Bí dísù bá tán nídìí òpó, gbogbo wọn kú pọ̀. Wá èyí tí òpó rẹ̀ wà lọ́nà ibòmíràn. Wọ ojú ìwé sẹ́tìn rọ́tà, wá RSRP, ìyẹn agbára àmì òpó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ: −80 sí −90 dára, −100 ṣeé fara dà, −110 ìyà ni. Gbé rọ́tà káàkiri àwọn fèrèsé, fún un ní ìṣẹ́jú méjì níbì kọ̀ọ̀kan, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Rọ́tà tó wà lẹ́yìn ògiri bíríkì méjì á máa purọ́ fún ẹ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa.

Starlink dára, ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Èyí tó tóbi ń jẹ 75 W sókè. Ní wákàtí 8, 600 Wh, ìyẹn PS5 kejì. Mini ń jẹ 25 sí 40 W. Òun náà ń fẹ́ ojú ọ̀run gbayawu. Bí ọ̀pẹ bá gé e, á máa já fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ díẹ̀, ìpàdé á sì máa dì.

Ti ìdádúró géèmù (ping): ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fáíbà ń sáré nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wáyà abẹ́ òkun láti Èkó dé Pọ́túgà tó 7,000 kìlómítà. Lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ 14,000, ìyẹn 70 ms kí ẹ̀rọ kankan tó dá sí i. Fi ti òpó 4G lé e, 100 sí 130 ms ni o máa rí sí sáfà Yúróòpù. Kò sí dátà tí o lè rà tó máa sọ ọ́ di 30. Sáfà Johannesburg náà kò dájú, torí pákéètì lè gba London kó tó padà sísàlẹ̀ Áfíríkà. Fi mtr, irinṣẹ́ tó ń fi ọ̀nà tí pákéètì gbà hàn, wò ó. Ní March 14, 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin (MainOne, WACS, ACE, SAT-3) já lọ́jọ́ kan náà lẹ́bàá Abidjan, kì í ṣe géèmù nìkan ló dúró, báńkì náà dúró.

Ọmọ_Aláré

Kí dátà má bàa jẹ owó oṣù tán:

`git clone --filter=blob:none` ni kí o máa lò láti gba ilé kóòdù ńlá wọlé. Ìtàn rẹ̀ á wọlé, ṣùgbọ́n fáìlì àtijọ́ kò ní wọlé àfi bí o bá bèèrè rẹ̀. `--depth 1` kéré sí i, àmọ́ `git blame`, tó ń sọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan, kò ní rí nǹkan kan sọ fún ẹ. Bí clone bá já lágbedeméjì, òfo ni, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; nítorí náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú depth 1, kí o wá máa fi `git fetch --deepen=200` sún un síwájú díẹ̀díẹ̀. Fún fáìlì ńlá, `rsync --partial`, tó ń tọ́jú èyí tó ti wọlé bó bá já. Fún sáfà, mosh àti tmux dípò ssh lásán, kí iṣẹ́ má bàa kú bí síìmù bá yí padà.

Nínú Dockerfile (ìwé tí Docker fi ń kọ́ àpótí rẹ̀), kó ìlà tó ń da package.json (orúkọ àwọn páàkéèjì) kọ síwájú, kí o fi ìlà tó ń da kóòdù kọ sí ẹ̀yìn. Àwọn kan ń ṣe é ní ìdàkejì, lẹ́tà kan tí wọ́n bá yí padà nínú kóòdù, gbogbo páàkéèjì á tún wọlé láti íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìpàdé olójú fídíò lè jẹ 1 sí 2 GB ní wákàtí kan bí èèyàn bá pọ̀. Ohùn nìkan kì í dé 100 MB. Pa kámẹ́rà bí ọ̀gá kò bá sọ̀rọ̀ sí i. Ti géèmù ni àwọn èèyàn ń ṣì mọ̀: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í jẹ dátà púpọ̀, ìmúdójúìwọ̀n ló ń jẹ ẹ́, ó lè tó ọ̀pọ̀ GB lẹ́ẹ̀kan. Pa á kó má dá ara rẹ̀ wọlé, kí o máa gbà á lóru bí o bá ní dátà òru.

Agogo mẹ́wàá New York kì í dúró sójú kan. Láti ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta dé ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, agogo mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa. Ìyókù ọdún, agogo mẹ́rin. Tiwa kì í yí. Kọ cron (iṣẹ́ tó ń dá ara rẹ̀ ṣe lásìkò) sí UTC, àkókò àgbáyé tí kì í yí, tọ́jú àkókò ní UTC nínú dátàbéèsì, kí o fi Africa/Lagos hàn fún ojú nìkan.

Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, má dá ara rẹ láàmú. Èrò tó kún ìlú á di òpó pa. Gba ìsinmi, kí o wọ aṣọ rẹgbẹ́rẹgbẹ́ rẹ.

Rẹ́mọ_Root

Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ yẹn, kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù. A ní òpó tó ṣófo.

Onígààrí_127001

Níwọ̀n ìgbà tí òṣèlú ti jókòó, ẹ jẹ́ ká wò ó bí oníkóòdù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé èrò ló pọ̀ jù lórí IReV (ojú òpó tí INEC ń gbé fọ́tò èsì ìbò sí) ní February 25, 2023, ọjọ́ ìbò ààrẹ, ni èsì ààrẹ kò fi wọlé. Ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ wò. Ibùdó ìdìbò 176,846. Bí gbogbo wọn bá fi fọ́tò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ láàárín wákàtí mẹ́fà, ìṣẹ́jú-àáyá 21,600, fọ́tò mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí fọ́tò kan bá jẹ́ 1 MB, gbogbo rẹ̀ kò tó 180 GB. Sáfà tí kì í ṣe ńlá lè gbà á.

Àlàyé tí INEC kọ sínú ìròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà yàtọ̀ sí ti èrò. Èsì ìbò ilé aṣòfin àgbà wọlé. Ti ààrẹ ló kọ̀. Ètò náà ń to fọ́tò sí abẹ́ ìpínlẹ̀ tí ìbò wà. Ìbò ààrẹ jẹ́ ẹkùn kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan, torí náà kò rí ibi kọ́ fódà sí, ó sì dá àṣìṣe inú sáfà padà. Ìbò gómìnà Èkìtì àti Ọ̀ṣun ní 2022 tí wọ́n ti lò ó ṣáájú, abẹ́ ìpínlẹ̀ ni méjèèjì. Ọ̀nà ìbò ààrẹ kò tíì rí ẹsẹ̀ ènìyàn rí.

Báńdì_D

Ẹ̀yin ni ẹ gbà pé bọ́ọ̀gì, àṣìṣe kóòdù, ni o. Àwa kan ò gbà.

Onígààrí_127001

Mi ò ní kí o gbà. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀gì, ìbéèrè tó yẹ ká bi wọ́n ṣì le: kí ló dé tí kò sí ìbò ààrẹ àfidánwò láti ibùdó kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ tó pé? Ìdánwò ọ̀sán kan ni. Kí àwọn tó ń ṣètò ìbò 2027 gbé èyí sí ojútáyé, kí a rí lọ́ọ̀gì rẹ̀.

Ọmọ_Aláré

Owó-orí náà ńkọ́, ẹ̀yin tó ń gba dọ́là? Òfin owó-orí 2025 ti bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026. 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí, mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún; mílíọ̀nù 9 tó tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18. Ó ń gòkè títí dé 25. Ẹni tó ń gba mílíọ̀nù 6 lọ́dún, tó ń san 600,000 owó ilé: wọ́n á yọ ìdá ogún owó ilé, 120,000 (kò gbọdọ̀ ju 500,000 lọ). Ó ku 5,880,000. Owó-orí rẹ̀: 330,000 àti 518,400, àpapọ̀ 848,400. Tọ́jú rìsíìtì owó ilé, lándílọ́ọ̀dù tí kò fẹ́ kọ rìsíìtì ń ná ẹ lówó.

Ibi tí o ń gbé ni o ń san án fún, ìyẹn Ìpínlẹ̀ Ògùn, kì í ṣe Èkó, kò sì kan Amẹ́ríkà tí owó ti wá. Kí ìwé rẹ wọlé kó tó di March 31. Bí Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú tí à ń bèèrè bá dé, Ìjẹ̀bú-Òde la ó máa kó o lọ. Kí ará Rẹ́mọ má gbọ́.

Rẹ́mọ_Root

Ará Rẹ́mọ ti gbọ́.

Ayò48

Ẹ jẹ́ ká padà sí géèmù. Bí bátìrì bá ń ṣe wàhálà, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ bíi Steam Deck kì í ju 25 W lọ púpọ̀ bí géèmù bá le gan-an. Wákàtí méjì jẹ́ 50 Wh, kò tó ìdá kan nínú mọ́kànlá ohun tí PS5 àti tẹlifíṣọ̀n ń jẹ. Xbox Series S náà kéré sí PS5 dáadáa.

Oníkóòdù tó bá fẹ́ kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ronú, kó kọ ayò. Ilé 12, ọmọ 48, ààyè rẹ̀ kéré, òfin rẹ̀ ṣe kedere, minimax pẹ̀lú alpha-beta, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń wo títa iwájú kó tó ta, á sì bá ọ̀pọ̀ ènìyàn gbá a dáadáa lórí fóònù lásán. Fi òfin jíjẹ sínú fáìlì sẹ́tìn, má kọ ọ́ mọ́ inú kóòdù, torí ìlú kan sí ìkejì kì í jẹ ẹ́ bákan náà. Ní 2002, Romein àti Bal ní yunifásítì kan ní Amsterdam yanjú ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Awari: ipò 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò. Bí ẹni méjèèjì bá mọ̀ ọ́n ta láìṣì, ọ̀mì ni.

Ewùrà_404

Ó ti yé mi. Lithium kan, 1.5 kVA oní 24 V, UPS kékeré fún rọ́tà. Ìbéèrè tó kù: PS5 ń sọ pé NAT mi (bí ẹ̀rọ púpọ̀ ṣe ń pín àdírẹ́sì kan lò) jẹ́ irú kẹta, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá mi.

Ṣàgámù_Ping

Ilé iṣẹ́ síìmù ló kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan, CGNAT nìyẹn. Bó o bá ṣí ilẹ̀kùn inú rọ́tà títí di ọ̀la, ilẹ̀kùn ìta kì í ṣe tìrẹ. Wo àdírẹ́sì WAN, ti ìta, nínú rọ́tà: bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.64 títí dé 100.127, tàbí 10, òun nìyẹn. Tan IPv6 (irú àdírẹ́sì tuntun) bí APN, sẹ́tìn nẹ́ẹ̀tì síìmù, bá gbà á, kí o sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ tí NAT rẹ̀ ṣí máa dá yàrá sílẹ̀. Bí kò bá ṣe é, bèèrè àdírẹ́sì gbangba lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ń tà á.

Ìyá_Bátìrì

Kí oníná tó dé: wáyà láti bátìrì sí ìnfátà kó jẹ́ 16 mm² tàbí 25, kó má gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. 1.5 kVA ní 24 V lè fa 60 A. Fi fíúsì DC 80 A sí orí pọ́sítíìfù, lẹ́bàá bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́bàá ìnfátà. Fi ọ̀bẹ ha ojú wáyà náà kó tó gé e: bó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n kun ní àwọ̀ bàbà ni, kó gbé e padà.